Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo tí Ọdẹ́dìran Sọ ní Ìlú Ọ̀la

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, kí ó yáa hú u tán nísinsìnyí. Ẹni tí ẹ̀pà wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó gbé e mì, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ariwo. Èmi Ọdẹ́níran tí ẹ ń wò yìí, mo ti pa ẹfọ̀n ní ọ̀sán gangan. Mo ti bá ìkookò du ẹran kan náà rí, ojú sì ti ìkookò, ó fi ẹran sílẹ̀ fún mi. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ bi ìkookò. Ṣùgbọ́n ìtàn ara mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹni tó juni lọ lè juni nù. Ẹ̀gbọ́n mi nínú ọdẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń tẹ ewé gbígbẹ tí kì í fi í dún. Ọdẹ́dìran ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ojú mi kò tó nínú ìtàn náà, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Èyí tí ojú mi tó, èmi náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí Ọdẹ́dìran wà ní géńdé, Ìlú Olébè kò mọ ebi. Àáró ni wọ́n fi ń ṣe oko. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ àáró. Bí gbogbo yín bá kọ ebè fún mi lónìí, gbogbo wa ni yóò kọ tìrẹ lọ́la, a ó kọ ti ẹnì kẹta lọ́túnla, títí yóò fi kárí. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ọdẹ́dìran, Akínlẹ́yẹ àti Fágbàmígbé ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bí ọkọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ bọ́ sínú ilẹ̀, orin ni Fágbàmígbé máa ń dá sí i, oòrùn yóò sì wọ̀ kí ó tó rẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí ó yá, nǹkan yí padà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà ní ìlú náà, aláwọ̀ ewé, pákó ni ara rẹ̀. Ọba tí ó wàjà, bàbá Olébè tí ó wà lórí oyè, ni ó mú un wọ̀lú láti ìrìn-àjò kan tí kò fẹ́ràn láti máa sọ. Àwọn ọmọ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ yìí lọ sí ìlú ńlá. Wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọn kì í sì í bọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà láàárín wọn, Ọdẹ́bùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọdẹ́dìran bí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù ọmọ náà sínú ọkọ̀ tí ó sì dúró títí eruku fi rọlẹ̀. Akínlẹ́yẹ kú. Àwọn ọmọ Fágbàmígbé wá gbé bàbá wọn lọ. Oko wá ku Ọdẹ́dìran nìkan àti eékún tí ń dùn ún. Nílé, Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ kò yéé bu iṣu Ọdẹ́bùnmi sọ́tọ̀ ní alaalẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò jẹ ẹ́ ní tútù, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ìgbà náà ni Olébè rán akéde yí ìlú ká: ilẹ̀ yòówù tí kò bá ní ebè nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, ó di ti ààfin. Àjèjì olówó kan ti dé láti òkè odò, ó ní òun yóò gba gbogbo rẹ̀, òun yóò gbin irúgbìn kan ṣoṣo sí i, òun yóò sì máa kó o lọ tà lẹ́yìn odi. Ẹ má bú ọba náà o. Àká ìlú ti ṣófo, àwọn ọmọdé ń sunkún ebi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọdẹ́dìran lọ sí ààfin, ó dọ̀bálẹ̀.

“Kábíyèsí, inú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbà yìí ni mo sin bàbá mi sí.”

“Mo mọ̀,” ni Olébè wí. “Ṣùgbọ́n bàbá ẹ kò ní bá mi bọ́ ìlú. Ṣé kí n máa wo igbó kí ebi máa pa ọmọ ọlọ́mọ ni?”

“Ọmọ mi ń bọ̀ wá ro ó, Kábíyèsí.”

“Ìgbà wo?”

Ọdẹ́dìran tún dọ̀bálẹ̀. Ọba wo ó, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ní, “Gbọ́. Bàbá mi sọ fún mi kí ó tó wàjà pé ìlú kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní Ìlú Ọ̀la, ohun gbogbo tí ayé yóò lò lọ́jọ́ iwájú ti wà níbẹ̀. Bí o bá lè mú ohun tí a ó fi máa ṣe oko lọ́la wá, ilẹ̀ rẹ di tìrẹ, ti gbogbo àwọn tí ọmọ wọn wà lẹ́yìn odi náà sì di tiwọn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá fi ṣíwájú rẹ, mi ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀.”

Báyìí ni Ọdẹ́dìran ṣe gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ìbídùn di ẹ̀wà sísun fún un, ó ní, “Bàbá Ọdẹ́bùnmi, bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bá mi wò ó bóyá ọmọ mi wà nínú ọ̀la yẹn.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń ta á lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Ó wọ Igbó Àìro. Igbó yìí kì í ṣe igbó àtayébáyé. Oko àwọn ènìyàn ni tẹ́lẹ̀, èpò ló gbà á. Ẹni tí ó ń jọba ibẹ̀ ni Olú-Èpò. Orí rẹ̀ tó ahéré, koríko olójú abẹ ni irun rẹ̀, orí òkìtì ọkọ́ tí ó ti dógùn-ún ni ó jókòó sí bí ẹni jókòó sórí ìtẹ́. Bí ó ti rí Ọdẹ́dìran, ó na irun kan sí i, ó gún un ní itan. Ọdẹ́dìran yìnbọn. Ọta wọ inú koríko, ó sùn síbẹ̀. Ọdẹ́dìran ṣáná sí i. Olú-Èpò rẹ́rìn-ín, ó ní, “Iná kẹ̀? Ìyá tí ó bí mi nìyẹn. Bí o bá jó mi lónìí, ewé tútù ni o ó bá lọ́la.” Ẹ̀yin ará, bí ó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti fi eyín fa irun náà tu! Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n rán.

“Ọmọ ènìyàn,” ni Olú-Èpò wí, “mo fẹ́ pa ọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi sọ̀rọ̀. Kí ni à ń fi irin ṣá láti kékeré wá tí kì í sunkún, tí à ń sin òkú sínú rẹ̀ tí ó sì ń bímọ fún wa?”

“Ilẹ̀ ni.”

“O gbọ́n. Ta ni ó fún mi ní ìjọba mi?”

Ọdẹ́dìran fẹ́ sọ pé òjò ni, ó fẹ́ sọ pé oòrùn ni. Ó wá wo àwọn ọkọ́ tí iwin náà jókòó lé. Ọ̀kan nínú wọn ní èèkù tí a fi irin dè, ó sì mọ ọwọ́ tí ó dè é. Ọkọ́ Akínlẹ́yẹ ni. Omi lé ròrò sí i lójú.

“Àwa ni,” ni ó wí. “Àwa tí a lọ, àti àwa tí a jẹ́ kí wọ́n lọ.”

Olú-Èpò ya irun rẹ̀ sí méjì, ọ̀nà sì yọ. Ó ní, “Máa kọjá. Kò yẹ kí n pa ẹni tí ó fi mí jọba.”

Láti ibẹ̀, ó já sí Ìlú Ìjókòó. Àwọn ará ibẹ̀ ní orí ńláńlá àti ẹnu gbàǹgbà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò ju ti alángbá lọ. Láti ayé àwọn bàbá bàbá wọn ni wọ́n ti wà nínú ìpàdé lórí bí àgbàdo yóò ṣe pọ̀. Wọ́n gbé àgbàdo kan sórí tábìlì láàárín wọn kí wọ́n má baà gbàgbé ohun tí wọ́n ń sọ. Kòkòrò sì ti jẹ ẹ́ ku háhá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àgbẹ̀ ni àlejò, wọ́n ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀.

“Ẹ̀yin àgbà,” ni Ọdẹ́dìran wí, “ẹ jẹ́ ká lọ gbìn ín.”

Àtẹ́wọ́ sọ bí òjò. Alága fi ìka kékeré rẹ̀ nu ojú, ó ní, “Ọ̀rọ̀ ńlá! A ó yan ìgbìmọ̀ tí yóò yẹ ‘ẹ jẹ́ ká lọ gbìn ín’ wò fínnífínní.” Wọ́n ní Ọdẹ́dìran ni yóò ṣe alága ìgbìmọ̀ náà, wọ́n sì gbé àga kan wá tí ó ní okùn lẹ́sẹ̀, nítorí níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá fi jẹ alága kì í dìde mọ́ títí ayé. Ohun tí ó kó o yọ ni pé ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí yóò gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ó yọ́ gba ojú fèrèsé jáde.

Kí lo wí, Àsàbí? O ní ìlú yẹn kò jìnnà sí wa? Jọ̀wọ́, má kó mi sí wàhálà. Mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè lọ.

Ọdẹ́dìran dé Ìlú Ọ̀la. Irin tí ó dúró bí ènìyàn ni ó wà lẹ́nu ibodè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tẹ́jú, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀.

“Ta ni e? Ki lo wa gba?”

Ọdẹ́dìran kọ́kọ́ rò pé òtútù ló mú un. Ó dáhùn, ó sì wọlé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí ó rí níbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé n kì í purọ́, n kò ní sọ ọ́! Ọkọ́ ń dá kọ ebè, ebè náà sì gún régé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹyẹ onírin ń fò lókè, wọ́n ń wọ́n omi sí ewé kọ̀ọ̀kan bí ìyá ti ń bu omi sí ọmọ lórí. Iṣu wà tí kò fara kan ilẹ̀ rárá. Inú afẹ́fẹ́ ni gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sí, ìrì ń sẹ̀ sí i lára, ó sì tóbi tó itan géńdé. Bí òùngbẹ bá gbẹ ilẹ̀ kan, ilẹ̀ náà á ké pé “omi”, omi á sì dé. Inú Ọdẹ́dìran dùn débi pé ó jó. Ó gbàgbé eékún. Ó ń sọ pé, “Ìbídùn, wá wo nǹkan!” bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣà wa sì ni pé ẹni tó bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́, dandan ni kí ó kí i. Ọdẹ́dìran dúró létí oko, ó gbé ohùn sókè: “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó tún un pè. Ọkọ́ ń bọ́ sínú ilẹ̀, kì, kì, kì. Kò sí orin, kò sí ẹni tó ń fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kò sí ọmọ tó ń sun iṣu lábẹ́ igi. Ijó kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin tí ó ni ìlú. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ó lóyún, oyún náà sì ti wọ oṣù. Ọ̀la ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọ̀la lóyún, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí yóò bí. Àwọn tí ó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ a máa béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀: àbí wúrà ni, àbí ogun ni? Ọdẹ́dìran kò béèrè. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó sì kí i bí a ti ń kí aboyún nílé.

“Ìyá, ẹ kú ìnira o. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.”

Ọ̀la wo ó títí. Ó ní, “Láti ọjọ́ tí mo ti wà, ẹnikẹ́ni kò ṣe àdúrà yẹn fún mi rí. Jókòó, ọmọ mi.”

“Ìyá, ṣé oko yóò wà nílùú tiwa?”

“Oko yóò wà. Bóyá àgbẹ̀ yóò wà ni n kò mọ̀.” Ó na ọwọ́ sí àpótí irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ẹni tó bá wá gba nǹkan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sọ sínú èyí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò sọ ọ́. Ohun tí ó bá gbé jáde ni kí ó máa gbé lọ. Ṣùgbọ́n nítorí àdúrà rẹ, n ó sọ ohun tí n kì í sọ fún àlejò. Àwọn ọmọ mi níbí ti bọ́ ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀. Wọ́n ní òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń dá ẹ̀rọ dúró. Àpótí yìí kò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, kò mọ igbá yàtọ̀ sí igba. Ọkùnrin aládé kan ti ìlú yín wá rí. Ó fẹ́ ohun tí yóò fi ro oko, ó sì sọ ọ́ dáadáa: ọkọ́. Àpótí gbé ọkọ̀ fún un. Ọkọ̀ akẹ́rù, aláwọ̀ ewé. Ojú tì í láti sọ pé òun ṣì í gbà, ó wà á lọ sílé.”

Ọdẹ́dìran rántí eruku ọjọ́ náà. Ó rántí pé ẹrù Ọdẹ́bùnmi kò wúwo, pé ọwọ́ kan ni òun fi gbé e. Gbogbo ọmọ tí ó kúrò ní Ìlú Olébè, àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó gbé wọn lọ!

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣini lọ́nà. Ó ro ọwọ́, nítorí ọwọ́ ni oko òun kò ní. Ṣùgbọ́n bí àpótí bá gbọ́ ọ ní ọwọ̀, ìgbálẹ̀ ni òun yóò gbé relé. Ó ro òjò. Bí ó bá gbọ́ ọ ní ojo ńkọ́? Ojo tí ó wà nílé ti pọ̀ tó. Níkẹyìn, àáró sọ sí i lọ́kàn. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Bí àpótí bá gbọ́ ọ dáadáa, àwọn tí yóò bá òun kọ ebè dé nìyẹn. Bí ó bá ṣì í gbọ́ tí ó gbé ààrò fún òun, kò burú. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ilé tí iná ọbẹ̀ bá sì ń jó, ènìyàn á padà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹta tí àpótí lè gbọ́ kò wá sí i lọ́kàn rárá. Ó ti bá a gbé pẹ́ débi pé kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ó tẹ̀ síwájú, ó ní, “Àáró.”

Àpótí bú ramúramù. Akèrègbè kan yọ jáde, wọ́n fi ìda dí i lẹ́nu. Ọ̀la kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ó ní, “Má ṣí i lójú ọ̀nà.”

Ọdẹ́dìran ń fi ìdùnnú lọ. Nígbà tí ó jókòó láti sinmi, ó gbé akèrègbè sétí kí ó lè gbọ́ ohùn àwọn tí ń bọ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Orin Fágbàmígbé ni ó gbọ́, láti ọ̀nà jíjìn. Ó gbọ́ Akínlẹ́yẹ tí ń rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ Ìbídùn ní ọ̀dọ́ tí ń pè pé, “Ọdẹ́bùnmi, wá bọ́jú!” Ọmọ kékeré kan sì ń sáré, ó ń rín kèékèé, kò fẹ́ bọ́jú. Ìgbà náà ni ó mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun.

“Yéè!” ni ó ké. “Àárò ni wọ́n fún mi! Mo béèrè àáró, wọ́n fún mi ní àárò!”

Odò kan ń ṣàn níwájú rẹ̀. Ó gbé akèrègbè sókè láti jù ú sómi, nítorí kí ni àgbẹ̀ yóò fi àárò ṣe? Ṣé à ń fi í kọ ebè ni? Ṣé à ń gún un níyán? Ṣùgbọ́n ọmọ náà tún rín lẹ́ẹ̀kan sí i nínú rẹ̀. Ọdẹ́dìran sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kò lè ju ohùn ọmọ rẹ̀ sómi. Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e pọ̀n sẹ́yìn bí ìkókó, ó sì ń sunkún lọ sílé.

Nígbà tí ó dé, ojú ọ̀run ti ń ṣú. Àjèjì ti kan èèkàn sí igun oko rẹ̀, ó ti ta okùn. Ní ààfin, níbi tí èmi alára dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, Ọdẹ́dìran ro gbogbo rẹ̀, kò fi ohunkóhun pamọ́. Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi ọ̀rọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀, ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Olébè wo ìta, níbi tí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wà tí ó ti dógùn-ún.

“Ṣí i,” ni ọba wí.

Ọdẹ́dìran ṣí akèrègbè. A kò rí èéfín, a kò gbọ́ ariwo. Atẹ́gùn kékeré kan kọjá láàárín wa, ó ní òórùn ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Èmi Ọdẹ́níran tí n kì í sunkún, ìyá mi tí ó ti kú ni mo rí tí ó ń yan àgbàdo. Ìjòyè tí ó rẹ́rìn-ín jù ni ó kọ́kọ́ fi ojú pamọ́. Olébè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ kan tí ó wọ ọkọ̀ lọ, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pè ní ààfin mọ́: “Adéṣọ́kàn. Ọmọ mi, Adéṣọ́kàn.” Ẹkún gbọ̀n ọ́n lórí ìtẹ́. Atẹ́gùn náà jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó sì mú ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gbà.

Olébè nu ojú. “Ọdẹ́dìran, ọkàn mi wà pẹ̀lú rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọba kì í yẹ̀ nítorí omijé. Ebè ni mo wí.”

Ọdẹ́dìran kò bá a jiyàn. Ó gbé ọkọ́, ó lọ sí oko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọ ọ́. Ìbídùn ń tẹ̀ lé e, ó ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ, ojoojúmọ́ ni òjò ń ṣú tí kò rọ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n kọ kò tó ibi tí màlúù lè dùbúlẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ti dé ìlú ńlá. Ó bá àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà, wọ́n nu ojú, wọ́n ń ta ọjà wọn lọ. N kò ní purọ́ fún yín, àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ jù. Ó bá Ọdẹ́bùnmi lábẹ́ ọkọ̀ tí ó ń tún ṣe, nítorí iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó kọ́. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn oko bàbá rẹ̀ láàárín epo ọkọ̀, ó sì mọ̀ pé bí òun kò bá lọ nísinsìnyí, òun kò ní lọ mọ́.

Ọjọ́ tí ìkùukùu wálẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi, a gbọ́ ìró kan lójú ọ̀nà. Katakata ńlá kan ni, ògbólógbòó tí wọ́n ti pa tì sẹ́yìn ilé kan, tí Ọdẹ́bùnmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tún ṣe. Òun ló ń wà á. Àwọn ọmọ Ìlú Olébè ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan lórí alùpùpù, àwọn kan pẹ̀lú ẹrù lórí. Wọn kò yà sílé. Katakata wọ inú oko Ọdẹ́dìran, ó la ilẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, àwọn tó ní ọkọ́ ń tún etí rẹ̀ ṣe. Ẹnì kan nínú wọn gbé orin Fágbàmígbé. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Láti ibẹ̀ wọ́n kọjá sí oko Akínlẹ́yẹ, wọ́n kọjá sí ti àwọn yòókù, gbogbo ìlú sì jáde.

Olébè wá fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa èèkàn àjèjì tu. Ó ní, “Láti òní lọ, ilẹ̀ tí olóko rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, àáró ìlú ni yóò máa ro ó dè é. Katakata yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Yóò máa yí ká bí ọkọ́ ti ń yí ká láyé àwọn bàbá wa.”

“Kábíyèsí,” ni àjèjì wí, “ẹ̀rọ tèmi lágbára ju èyí lọ.”

“Mú un wá, kí ìwọ náà wọ àáró. Ilẹ̀ nìkan ni n kò ní fún ọ.”

Òjò bẹ̀rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń jó nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọdẹ́dìran kò jó. Ó dúró nínú poro, ó ń wo orí katakata. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti dé, iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọdẹ́bùnmi pa ẹ̀rọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé orí irin tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, kò lè tẹ ilẹ̀. Irun funfun ti yọ létí rẹ̀, ọmọ tí ó lọ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kíkún.

“Bàbá,” ni ó wí, “mo pẹ́.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọdẹ́dìran ti tò sílẹ̀ láti ọjọ́ eruku náà pòórá. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì rí bàtà ìlú ńlá tí ó wọ̀.

“Bọ́ bàtà ẹ,” ni ó wí. “Bọ́ ọ, kí ilẹ̀ lè mọ̀ ọ́.”

Ọdẹ́bùnmi bọ́ ọ, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹnu ọdẹ ti rẹ̀. Mo rí àwọn kan nínú yín tí ẹ ń wá aṣọ tí ẹ ó fi nu ojú, ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lẹ́yìn odi. Ẹ má tíì nù ún. Ẹ jẹ́ kí àárò náà lọ bá wọn.